Súsọ́ọ̀lù (ìyàrá abẹ́ ilé) wa l'Ájàṣẹ́ (Porto-Novo) ti parí: ibo ni ká gbé báà sí, kí la sì máa kàn mọ́ ògiri?

OmoWando
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn wa. Mo nílò ọgbọ́n yín. Ilé tí bàbá wa kọ́ lápá Wàǹdó níbí, ilẹ̀ ẹ̀ dà gẹ̀rẹ́ sẹ́yìn, ìyẹn ni wọ́n fi rí àyè ṣe súsọ́ọ̀lù sábẹ́ ẹ̀, ìyàrá ńlá kan tí ògiri iwájú ẹ̀ wà nínú ilẹ̀ pátápátá ṣùgbọ́n tí ti ẹ̀yìn ṣí sí àgbàlá, ilẹ̀kùn wà lápá òsì lẹ́yìn lọ́hùn-ún, fèrèsé méjì wà lápá ọ̀tún ẹ̀. Láyé bàbá, àpò àgbàdo àti kẹ̀kẹ́ tó ti kú ló kún ibẹ̀. Lẹ́yìn Iléyá la kó gbogbo ẹ̀ dànù, a rẹ́ ẹ, a lẹ kàró (táìlì) mọ́lẹ̀, a kùn ún, wọ́n ṣe plafond (àjà) sí i, iná ti tàn. Láti iwájú dé ẹ̀yìn jẹ́ 7m20, ó fẹ̀ ní 4m30, láti orí kàró dé plafond jẹ́ 2m35. Àtẹ̀gùn sọ̀ kalẹ̀ ní igun iwájú lápá òsì.

Ohun tá a fẹ́ nìyí: báà kékeré (ibi ìpo nǹkan mímu) tó ní láfábò (agbada ìfọ-ife) àti fíríìjì, tí èèyàn mẹ́rin lè jókòó sí. Kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n kàn mọ́ ògiri fún ìwé, fún tẹlifísọ̀n, àti fún àwo ìnáwó tí ìyàwó mi kó jọ bí ẹni fẹ́ ṣí òtẹ́ẹ̀lì. Ìjókòó tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀ tí èèyàn lè ṣí orí ẹ̀ kó ẹní sí. Àbúrò mi tó wà ní Lyon ń fi fọ́tò ránṣẹ́ lójoojúmọ́, nínú gbogbo fọ́tò ẹ̀ báà máa ń wà ní kọ̀rọ̀ tó ṣókùnkùn jù, torí náà àwa náà ń rò ó sí ògiri iwájú. Ìyàwó mi ní kí wọ́n kàn án yí ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ká, èmi ní ká fi àyè sílẹ̀. Káfíńtà kan wá wò ó, kò tiẹ̀ fi tépù wọn nǹkan kan, ó kàn dárúkọ owó. Ẹ gbà mí o.

IyaIbejiAjase
Mo ti jókòó síwájú níbí o, mo fẹ́ gbọ́ 😂 Àwo ìnáwó nìkan ti tó kọ́bọ́ọ̀dù ògiri kan, ẹ má dá ìyàwó lẹ́bi.

Kafinta_Ketu
Ẹ kú iṣẹ́ o OmoWando. Kétu ni mo wà, iṣẹ́ igi ni mò ń jẹ. Ẹ má tíì pe káfíńtà kankan, àní èmi gan-an ẹ má tíì pè mí. Láti ìgbà tẹ́ ẹ ti kùn ún, ṣé òjò ti rọ̀ sí i dáadáa? Mi ò sọ ọ̀wààrà ọjọ́ kan o, mo ní òjò tó máa ń bẹ̀rẹ̀ lóṣù kẹrin títí dé oṣù keje yẹn, tó máa rin ilẹ̀ gbingbin. Torí ilẹ̀ pupa wa lápá gúúsù yìí, terre de barre táwọn másọ̀n ń pè, ó ń mu omi ó sì ń di omi mú pẹ́, ògiri tó bá wà nínú ẹ̀ á máa fà á díẹ̀díẹ̀. Lọ́dọ̀ wa ní Kétu omi kànga jìn, ìyà omi kì í ṣe ìtàn lẹ́nu àwọn ìyá wa, ṣùgbọ́n ògiri abẹ́ ilẹ̀ tiwa náà ń tutù tí òjò bá pẹ́, torí omi òjò ló ń bá a jà, kì í ṣe ti kànga.

Ìdí tí mo fi ń bi yín ni pé ògiri tó ń tutù tí nǹkan kan ò bò ó, afẹ́fẹ́ á máa gbẹ ẹ́, ẹ ò ní mọ̀. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá kan pákó bò ó lẹ ti pa afẹ́fẹ́ yẹn, ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù á bu, ìwé á bu, ẹ óò kàn máa gbọ́ òórùn ẹ ò ní rí ibi tó ti ń wá. Ẹ gé ọ̀rá tó mọ́ tó nípọn, bí 60 sẹ̀ǹtí (sẹ̀ǹtímítà) lórí 60, ẹ fi tépù lẹ etí ẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ ògiri, ẹ lẹ òmíràn mọ́ kàró, ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Tẹ́ ẹ bá rí ìrì nínú ọ̀rá, níhà ọ̀dọ̀ ògiri, inú ògiri lomi ti ń bọ̀. Tó bá jẹ́ ìta ọ̀rá ló tutù, afẹ́fẹ́ inú ìyàrá ló ní omi púpọ̀, ìyẹn fèrèsé ló máa yanjú ẹ̀.

OmoWando
Ẹ ṣé gan-an ọ̀gá. Òjò ti rọ̀ sí i, omi ò wọlé rárá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n sọ òtítọ́, igun tó wà lẹ́bàá àtẹ̀gùn yẹn ń rùn bí àpò tútù láàárọ̀, ọ̀dà ibẹ̀ sì ti wú níbì kan, ó tó àtẹ́lẹwọ́, tẹ́ ẹ bá fi ìka tẹ̀ ẹ́ á máa dún pẹ̀pẹ̀, nǹkan funfun bí iyọ̀ wà lábẹ́ ẹ̀.

Ara_Sabe
Iyọ̀ ni lóòótọ́. Omi tó ń gba inú búlọ́ọ̀kù kọjá ló ń gbé e jáde, omi á gbẹ, iyọ̀ á kù, á máa ti ọ̀dà síta. Ẹ má fá a kẹ́ ẹ tún kùn ún, á tún wú ni. Ẹ jáde síta kẹ́ ẹ wo òkè igun yẹn. Kí ló wà níbẹ̀? Ṣé kì í ṣe ibẹ̀ ni omi òrùlé ń dà sí?

OmoWando
Háà. Ibẹ̀ ni páìpù gọ́tà òrùlé ń dà sí o 🤦🏾 ó ti lu ilẹ̀ ibẹ̀ débi tó di kòtò.

Ara_Sabe
Ẹ ti rí i nìyẹn. Ẹ fa páìpù yẹn gùn síwájú kó da omi sí ibi tó jìnnà sí ògiri, mítà 2 ó kéré tán, mẹ́ta dáa jù. Kí ẹ tún kó ilẹ̀ dí kòtò yẹn, kẹ́ ẹ gbá a mọ́lẹ̀ dáadáa, kó dà gẹ̀rẹ́ kúrò lára ilé, tó bá ṣeé ṣe kẹ́ ẹ da kọnkéré tẹ́ẹ́rẹ́ lé e. Ìyẹn ò wọ́n, ó sì ju ọ̀dà aláìgbomi èyíkéyìí tí wọ́n bá fẹ́ tà fún yín lọ. Lọ́dọ̀ wa ní Sábẹ̀ èèyàn ò lè gbẹ́ ilẹ̀ jìn púpọ̀ kó tó kan àpáta, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kọjá lápá ibẹ̀ ẹ mọ àwọn òkè olókùúta tó yí ìlú ká, torí náà àwa ò ní ìṣòro súsọ́ọ̀lù, a ò kàn ní in ni 😅

Alhaji_Agba
Mo ti ka gbogbo ẹ̀. Mo fẹ́ bi ìwọ ọmọ yìí, báà nílé bàbá ẹ? Bàbá ẹ tí a jọ ń kírun? Kí lẹ fẹ́ máa tà níbẹ̀?

OmoWando
Ẹ kú àárọ̀ o Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀. A ò ní tà nǹkan kan Bàbá. Bissap, àdòyò, kọfí, omi tútù ni. Tí àlejò bá wá ẹ jẹ́ kí n rí ibi tí mo ti máa ṣe é fún wọn láì gun àtẹ̀gùn. Àwọn àna mi tó wá láti Sábẹ̀ mọ̀ pé tí wọ́n bá fẹ́ mu tiwọn, àgbàlá ni.

Alhaji_Agba
Àdòyò kò burú. Ẹ ṣe é kó ní ibi tí àgbàlagbà lè jókòó sí o, mi ò ní gun àga gíga yẹn, orúnkún ń dùn mí.

IyaIbejiAjase
Bàbá ti gba ìwé ìpè tiwọn ṣáájú gbogbo wa 😂😂

Èmi ní ọ̀rọ̀ kan tó jẹ́ ti obìnrin. OmoWando, ta ló máa jókòó síbẹ̀ gan-an? Torí mo ti rí báà ilé tó pọ̀ l'Ájàṣẹ́ níbí, àwọn àga gíga tó lẹ́wà, ìgbà tí ìkómọ bá dé gbogbo èèyàn á lọ jókòó sórí ẹní, àga á di ibi tí wọ́n ń gbé báàgì sí. Ẹ ṣe báà kékeré kẹ́ ẹ ṣe ìjókòó tó pọ̀. Ẹ sì jẹ́ kí láfábò ẹ̀ jìn, àwọn tí wọ́n ń tà fún báà kéré jù, ìkòkò àdòyò kan ò lè wọ̀ ọ́.

Kafinta_Ketu
Ìyá Ìbejì, ẹ ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi. Ó dáa, ká sọ ìwọ̀n wàyí, torí ìwọ̀n ló máa sọ ibi tí báà máa wà, kì í ṣe fọ́tò Lyon.

Ẹ mú bébà kẹ́ ẹ kọ ọ́. Orí báà tí èèyàn ń gbé ìgbọ̀nwọ́ lé, 1m05 sí 1m10 sókè. Àga ẹ̀, ibi ìdí, 75 sẹ̀ǹtí, sẹ̀ǹtí náà ni gbogbo ìwọ̀n tí mi ò bá pe mítà mọ́. Láàárín ibi ìdí àti abẹ́ pákó báà kó tó 25 sí 30, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ itan ò ní wọlé. Ẹnì kan gba 60 ní fífẹ̀, èèyàn mẹ́rin jẹ́ 2m40. Pákó orí báà gbọ́dọ̀ yọ síta ní 25 ó kéré tán kí orúnkún lè rí ibi sá sí. Irin ìgbẹ́sẹ̀lé, 15 sí 20 sókè kàró. Nínú, níbi tí ẹni tó ń pò nǹkan ń dúró sí, 90 ni, ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni fún yín ní 70, tí wọ́n bá ṣí ilẹ̀kùn fíríìjì ẹ óò rí i. Tábìlì ẹ̀yìn tí láfábò wà lórí ẹ̀, 60 ní jíjìn, 90 ní gíga, bíi ti kíṣìnì.

Ẹ wá ro ó pọ̀: tábìlì ẹ̀yìn 60, ibi ìdúró 90, báà pẹ̀lú etí ẹ̀ 60, àga pẹ̀lú ẹni tó jókòó àti àyè díẹ̀ 90. Ó jẹ́ mítà 3. Ìyàrá yín fẹ̀ ní 4m30. Tẹ́ ẹ bá fi ẹ̀yìn báà ti ògiri ọ̀tún, lápá ẹ̀yìn níbi fèrèsé, ẹ ṣì ní 1m30 láti kọjá sí ilẹ̀kùn àgbàlá, ìyẹn tó, àwọn méjì lè kọjá lára wọn. Báà á gba 2m40 sí 2m60 nínú gígùn, gbogbo iwájú tó kù, bíi 4m60, ti àlejò ni. Ìmọ́lẹ̀ fèrèsé á wà níbi tẹ́ ẹ ti ń ṣiṣẹ́, òórùn kọfí á jáde síta. Ògiri iwájú tó wà nínú ilẹ̀ yẹn, ẹ má kan ohunkóhun mọ́ ọn. Mo mọ̀ pé Màdámú ò ní gbọ́. Kí wọ́n gbé àga tìmùtìmù síbẹ̀, àga ṣeé ti kúrò kéèyàn wo ẹ̀yìn ẹ̀, kọ́bọ́ọ̀dù ò ṣeé ti.

PlombierAjase229
Mo fara mọ́ ọ̀gá Kétu, ẹ má gbé báà lọ síwájú rárá, torí ti omi. Láfábò iwájú túmọ̀ sí páìpù ìdọ̀tí tó máa la gbogbo ìyàrá kọjá lábẹ́ kàró tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ lẹ. Páìpù 40 mìlímítà ni láfábò ń lò, ó gbọ́dọ̀ máa rẹlẹ̀ bíi sẹ̀ǹtí 2 ní mítà kọ̀ọ̀kan, mítà 7 jẹ́ sẹ̀ǹtí 14, ibo lẹ máa rí i? Lẹ́yìn lọ́hùn-ún ẹ kàn lu ògiri ni, ó ti jáde.

Ìbéèrè mi: fosse yín (kòtò ìdọ̀tí ilé), ẹnu páìpù tó wọ inú ẹ̀, ṣé ó ga ju kàró súsọ́ọ̀lù lọ àbí ó rẹlẹ̀ sí i? Tó bá ga jù, omi ò ní gun òkè fúnra ẹ̀, àfi kẹ́ ẹ ra pọ́ǹpù kékeré tó ń tì í sókè, èmi ò fẹ́ràn ẹ̀ nílé tí iná ń lọ, torí ọjọ́ tí iná bá lọ tẹ́nì kan fọ ife, omi á padà wá bá yín. Tí àgbàlá bá rẹlẹ̀ ju kàró lọ, ẹ gbẹ́ puisard (kòtò tí omi ìdọ̀tí ń gbà wọlẹ̀) tiẹ̀ lọ́tọ̀, ṣùgbọ́n kó jìnnà sí ilé o. Mo ti rí ibi tí wọ́n gbẹ́ ẹ sídìí ògiri, gbogbo omi tí wọ́n dà jáde ń padà wọ inú ìyàrá láti abẹ́.

Ẹ rántí siphon (páìpù kíká tó ń di omi díẹ̀ mú) lábẹ́ láfábò, kẹ́ ẹ sì máa lo láfábò yẹn. Tí ẹ bá fi í sílẹ̀ láìlò pẹ́, omi inú siphon á gbẹ, òórùn fosse á máa wọlé, wọ́n á ní kọ́bọ́ọ̀dù ló ń rùn.

OmoWando
Àgbàlá rẹlẹ̀ sí kàró, ó tó àtẹ̀gùn méjì. Fosse wà lápá kejì ilé. Á jẹ́ puisard nìyẹn. Ẹ ṣé o.

Nǹkan míì tí mi ò sọ: vanne (ibi tí wọ́n ti ń ti omi pa) gbogbo ilé wà nínú ògiri òsì yẹn, àárín méjì, ní gíga orúnkún. Ibẹ̀ náà la fẹ́ gbé tẹlifísọ̀n àti ìwé sí.

PlombierAjase229
Kò burú, ṣùgbọ́n kí káfíńtà fi ilẹ̀kùn kékeré sí ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù níbẹ̀, èyí tó ṣeé yọ láìlo irinṣẹ́, kí ọwọ́ lè wọ̀ ọ́ dé ìgbọ̀nwọ́. Kẹ́ ẹ sì má kó àwo síwájú ẹ̀. Ọjọ́ tí páìpù bá bẹ́ kò ní sí àkókò kíkó àwo.

OmoKetu_Montreal
Ẹ kú ilé ẹ̀yin ará ilé. Mo ń gbé ní Montréal, níbí fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ilé ló ní sous-sol, báà abẹ́ ilé wọ́pọ̀ débi tí kò jọ ẹnikẹ́ni lójú mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí àbúrò Lyon yín mọ̀ pé ìdí ẹ̀ yàtọ̀. Níbí ilẹ̀ ń di yìnyín nígbà òtútù, ìpìlẹ̀ ilé gbọ́dọ̀ kọjá ibi tí yìnyín ń dé, ó ju mítà kan lọ, torí náà nígbà tí wọ́n ti gbẹ́ ẹ jìn bẹ́ẹ̀ wọ́n kúkú ń sọ ọ́ di ìyàrá. Wọ́n á wá to igi yí ògiri ká nínú, wọ́n á ki òwú amóoru sí i, wọ́n á fi placo (pátákó gypsum) bò ó, ìgbà náà ni wọ́n tó kan kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹ má ṣe ìyẹn l'Ájàṣẹ́ o! Kò sí òtútù tẹ́ ẹ ń sá fún, ilé ni ẹ máa kọ́ fún ìkán.

Èyí tẹ́ ẹ lè kọ́ lára wọn ni iná. Wọn kì í fi láńbù kan ṣoṣo sí àárín. Wọ́n ń fi okùn iná LED sábẹ́ pẹpẹ kọ̀ọ̀kan, ibi tí ògiri ò ní fèrèsé á wá dà bíi pé ó ní. Kò jẹ iná púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fa wáyà ẹ̀ kí wọ́n tó kan kọ́bọ́ọ̀dù, kì í ṣe lẹ́yìn ẹ̀.

Ara_Sabe
Níwọ̀n ìgbà tẹ́ ẹ ti dárúkọ iná, ẹ jẹ́ n sọ tèmi, iṣẹ́ mi nìyẹn. Báà yẹn, omi àti iná máa wà pọ̀ níbẹ̀, lórí kàró, ẹlòmíràn á wá láìwọ bàtà. Ẹ ní kí wọ́n fi disjoncteur différentiel 30 mA sórí ẹ̀, lọ́tọ̀. Kì í ṣe disjoncteur lásán tó ń dá wáyà sí o, eléyìí èèyàn ló ń dá sí, tí iná bá gba ara ẹnì kan lọ sílẹ̀ á já kíá. Ẹ sì wò ó bóyá ilé ní terre (wáyà iná tó wọ ilẹ̀), torí púpọ̀ ilé àtijọ́ ò ní in. Fíríìjì kó ní wáyà tiẹ̀. Prise (ibi tí wọ́n ń ki iná bọ̀) má sún mọ́ láfábò ju 60 sẹ̀ǹtí lọ, kẹ́ ẹ gbé e sókè tábìlì, kì í ṣe sábẹ́ ẹ̀ níbi tí páìpù ń kán sí.

Tẹ́ ẹ bá ti fíríìjì mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ fi àyè sílẹ̀ lẹ́yìn àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, bíi sẹ̀ǹtí 5, kẹ́ ẹ lu ihò sísàlẹ̀ àti sókè kí ooru lè jáde. Fíríìjì tí kò rí afẹ́fẹ́ máa ń ṣiṣẹ́ láìsinmi ni, owó SBEE (ilé iṣẹ́ iná) á pọ̀, á sì yára kú.

Fáànù plafond, ẹ gbàgbé ẹ̀. 2m35 kéré jù, ọmọ yín tó bá gun àga á fi ọwọ́ kàn án. Ti ògiri ni kẹ́ ẹ rà. Àti pé ọ̀rọ̀ kan tí mi ò ní fi ṣeré: iná bá lọ, kẹ́nikẹ́ni má gbé group (jẹnẹrétọ̀) wọ súsọ́ọ̀lù. Kì báà ṣe ẹnu ọ̀nà, kì báà ṣe pé fèrèsé ṣí. Èéfín ẹ̀ tó ń pani ò ní òórùn, ẹni tó ń fà á á rò pé oorun ló ń kun òun.

IyaIbejiAjase
Ọ̀rọ̀ group yìí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi ṣọwọ́ sí gbogbo group WhatsApp yín 🙏🏾

GbenroIgi
Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ igi. MDF ni kẹ́ ẹ lò, ó tẹ́jú, ó gba ọ̀dà, kò wọ́n. Gbogbo fọ́tò tí àbúrò yín ń fi ránṣẹ́ yẹn MDF ni.

Kafinta_Ketu
Ẹ̀gbọ́n mi / àbúrò mi, mi ò mọ èwo lẹ jẹ́, ẹ má bínú, mi ò gbà. Yàrá òkè, ó ṣe é ṣe. Abẹ́ ilẹ̀ kọ́. MDF lẹ́búlẹ́bú igi ni wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀, omi fífọ ilẹ̀ kan ṣoṣo tó bá gun ìdí ẹ̀ á wú, kì í sì í padà sí bó ṣe wà. Contreplaqué (plywood) 18 mìlímítà ni kẹ́ ẹ fi ṣe àpótí ẹ̀, ẹ fi igi gidi ṣe ojú àti ilẹ̀kùn.

Igi wo? Tíìkì wà lọ́pọ̀ ní Bẹ̀nẹ̀ wa níbí, ìkán ò fẹ́ràn àárín ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún etí ẹ̀ tó funfun, ìyẹn ìkán ń jẹ ẹ́ dáadáa, àwọn kan á fi ọ̀dà pa á láró kó lè jọ àárín. Ẹ ní kí wọ́n fi pákó hàn yín kí wọ́n tó kùn ún. Orí báà, tí owó bá wà, apá ni kẹ́ ẹ wá, pákó apá wúwo, ó le, ife gbígbóná ò ní sọ ọ́ di nǹkan kan. Ìrókò náà dáa. Arère, èyí tí wọ́n ń pè ní samba, ó rọrùn láti gé, ó fúyẹ́, ìkán sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ má gbé e sọ̀ kalẹ̀ síbẹ̀.

Kí másọ̀n kọ́kọ́ da ìpìlẹ̀ kọnkéré tó ga ní sẹ̀ǹtí 10 síbi tí kọ́bọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan máa jókòó, kẹ́ ẹ lẹ kàró bo iwájú ẹ̀. Orí ẹ̀ ni àpótí igi máa wà. Omi ìfọlẹ̀ ò ní kàn án, ìkán tó bá sì fẹ́ gòkè á gba ojú yín kọjá. Ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù kó jìnnà sí ògiri ní sẹ̀ǹtí 3, kẹ́ ẹ fi ihò sísàlẹ̀ àti sókè kí afẹ́fẹ́ lè máa gba ẹ̀yìn ẹ̀.

Pẹpẹ ìwé: láàárín igi kan sí ìkejì má ju 80 lọ, tó bá jẹ́ contreplaqué 18. Ìwé wúwo ju bí ẹ ṣe rò lọ, Kùránì ńlá àti ìwé òfin bàbá yín nìkan á ti tẹ̀ ẹ́. Tẹ́ ẹ bá kan igi tẹ́ẹ́rẹ́ tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtí 4 mọ́ iwájú pẹpẹ lábẹ́, á tún le sí i. Jíjìn ẹ̀ 30 fún ìwé. Fún ìgò àti ife lẹ́yìn báà, 15 ti tó, tó bá jìn jù ẹ óò tò wọ́n ní ìlà méjì, ti ẹ̀yìn ò ní jáde mọ́ láyé.

GbenroIgi
Mo gbà fún yín lórí ìsàlẹ̀. Ilẹ̀kùn òkè mo ṣì lè fi MDF ṣe é o, tí wọ́n bá kùn ún lójú méjèèjì àti etí ẹ̀.

Kafinta_Ketu
Òkè, ó dáa. Mi ò ní bá yín jà lórí ìyẹn.

OmoWando
Ọ̀gá, ìyàwó mi fẹ́ kí kọ́bọ́ọ̀dù àwo kan plafond, kí eruku má balẹ̀ sórí ẹ̀. Ó ṣeé ṣe?

Kafinta_Ketu
Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Tí wọ́n bá kan àpótí tó ga ní 2m30 tó jìn ní 60 ní ṣọ́ọ̀bù, tí wọ́n gbé e wọlé ní ìdùbúlẹ̀, nígbà tí wọ́n bá fẹ́ gbé e dìde, igun ẹ̀ á gba bíi 2m38. Plafond yín jẹ́ 2m35. Á há. Wọ́n á ya plafond tàbí kí wọ́n gé ìdí kọ́bọ́ọ̀dù, mo sì mọ èyí tí wọ́n máa ṣe. Kí wọ́n ṣe é ní méjì, ìsàlẹ̀ 90, òkè lọ́tọ̀ lé e lórí, kí wọ́n wá fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ dí àyè tó bá kù pẹ̀lú plafond. Igi yẹn kó ṣeé yọ, torí plafond kì í tẹ́jú, ẹ óò rí i pé apá kan fi sẹ̀ǹtí kan ga ju apá kejì.

Ẹ gba àgbàlá gbé gbogbo nǹkan wọlé, ẹ má wulẹ̀ gbìyànjú àtẹ̀gùn.

AdukeCatchi
Mo ń tẹ̀lé láti ìbẹ̀rẹ̀. Èló ni gbogbo ẹ̀ máa jẹ́ báyìí?

Kafinta_Ketu
Àǹtí, mi ò lè sọ owó sórí ilé tí mi ò rí, iye pákó sì ń yí padà. Ẹ ya á sórí bébà, ẹ ka iye contreplaqué, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 2m44 lórí 1m22, ẹ fi ìdá mẹ́wàá lé e fún èyí tó máa bàjẹ́ níbi gígé. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ béèrè lọ́wọ́ káfíńtà mẹ́ta lórí bébà kan náà. Láìsí bébà, oníkálukú á dárúkọ owó ohun tó wà lọ́kàn ẹ̀. Ẹ má fi owó pamọ́ lórí ìdè ilẹ̀kùn àti irin dúrọ́wà o, ibẹ̀ ni ọwọ́ ń kàn lójoojúmọ́.

OmoWando
Ẹ jẹ́ n sọ ibi tá a bá a dé. A fi ọ̀rá dán an wò: ògiri iwájú ní ìrì nínú, igun àtẹ̀gùn ló burú jù, ògiri òsì àti ọ̀tún láti àárín lọ sẹ́yìn gbẹ. Páìpù òrùlé a ti fà á gùn, a ti dí kòtò. Ìyàwó mi dúró wò ó nígbà tí mo ṣí ọ̀rá, ó fi ọwọ́ kan omi yẹn, kò sọ ọ̀rọ̀ ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́.

Torí náà: báà lápá ọ̀tún lẹ́yìn, níbi fèrèsé. Ìwé, tẹlifísọ̀n àti àwo lórí ògiri òsì, láti àárín lọ sẹ́yìn, pẹ̀lú ilẹ̀kùn kékeré fún vanne. Abẹ́ àtẹ̀gùn ṣófo, ìgbálẹ̀ àti bọ́kẹ́ẹ̀tì nìkan. Ògiri iwájú kò ní nǹkan kan lára, a máa fá ọ̀dà ẹ̀, a máa jẹ́ kó mí títí òjò oṣù kẹsàn-án sí ìkọkànlá á fi kọjá, tí a bá rí i pé iyọ̀ ò jáde mọ́ a kùn ún. Káfíńtà di ìgbà náà. Másọ̀n àti oníná lè bẹ̀rẹ̀ báyìí. Ìjókòó oníbòrí tí mo fẹ́ kàn mọ́lẹ̀ ni mi ò mọ ibi tí màá gbé e sí mọ́.

Ara_Sabe
Ògiri ọ̀tún, láàárín báà àti iwájú, kó má kan igun. Kẹ́ ẹ lu ihò sí ẹsẹ̀ ẹ̀ níwájú, ẹní tó bá wà nínú àpótí tí kò rí afẹ́fẹ́ máa ń bu.

IyaIbejiAjase
Àti Bàbá Alhaji ńkọ́? Ẹ ti gbàgbé orúnkún Bàbá 😂

Kafinta_Ketu
Mi ò gbàgbé. Ìpẹ̀kun báà níhà fèrèsé, ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ 70 sẹ̀ǹtí ibẹ̀ kalẹ̀ sí gíga 75, bíi tábìlì oúnjẹ, kò sí kọ́bọ́ọ̀dù lábẹ́ ẹ̀. Àga lásán tó ní ìfẹ̀yìntì máa wọ̀ ọ́, Bàbá á jókòó, ẹsẹ̀ á kanlẹ̀, àwọn ọmọ náà á sì rí ibi ṣe iṣẹ́ ilé ìwé. Àga gíga á wá di mẹ́ta. Ẹ sọ fún másọ̀n kó tó da ìpìlẹ̀ kọnkéré, kó má da a dé ibẹ̀.

Alhaji_Agba
Kí àga náà ní ibi ìgbọ́wọ́lé.

OmoWando
Ó ti wà lórí bébà Bàbá.